Bí ọwọ́ ọmọọṣẹ́ bá ń yún, kí ọ̀gá yẹ bébà wò

Bí ilé-ìwé bá ti wọlé ní Ìgbayè, àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, àwọn tó ń ta ìwé àtàwọn tó ń tẹ rìsíìtì kì í ráyè sinmi. Bébà ni wọ́n ń kà, bébà ni wọ́n ń gé, bébà ni wọ́n ń dì láti àárọ̀ títí di alẹ́. Àkókò yẹn gan-an ni ọmọọṣẹ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọwọ́. Ìka á máa yún un, awọ á wú, á sán, á sì máa bó. Kí ọ̀gá tó wádìí, àwọn ará àdúgbò á ti túmọ̀ ẹ̀: wọ́n á ní oníbàárà kan ló fi owó burúkú lé e lọ́wọ́. Àwọn mìíràn á ní làpálàpá ni, wọ́n á sì júwe ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì fún un.

Ọ̀gá tó bá ka irú èyí sí ọ̀rọ̀ ilé ọmọọṣẹ́ ń fi owó ara ẹ̀ ṣeré. Ọmọ tó ti mọ ẹ̀rọ, tó mọ oníbàárà, tó mọ iye tí wọ́n ń gba iṣẹ́, kò ṣeé fi ẹlòmíràn rọ́pò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ òwò ni ọwọ́ tó ń yún.

Bébà kì í ṣe igi lásán. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sábà máa ń po oje igi páìnì mọ́ ọn, kí yíǹkì má baà máa ràn lórí ẹ̀. Irú oje yìí náà làwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò pẹ̀lú òjé, èyí tó máa ń rú èéfín lábẹ́ irin gbígbóná. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i, ó máa ń yí padà di nǹkan tí awọ ẹlòmíràn kò gbà. Ní ti bébà ìnuwọ́ tí kì í tètè ya bó bá tutù, wọ́n lè fi èròjà tó ní formaldehyde ṣe é, ìyẹn kẹ́míkà tó wà nínú fọmalíìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú. Yàtọ̀ sí kẹ́míkà, bébà fúnra ẹ̀ máa ń fa òróró ara. Nígbà ọyẹ́, èyí nìkan tó láti mú ọwọ́ ẹni tó ń ka ìdìpọ̀ bébà sán.

Èyí tí wọ́n ti ń ráhùn lé lórí jù ni ìwé rìsíìtì tí wọ́n ń kọ tòkè, tí tìsàlẹ̀ sì ń gbà á láìfi kábọ̀n sí i. Ilé iṣẹ́ NCR ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1954. Ẹ̀yìn bébà tòkè ni wọ́n kó àwọn ẹyin kéékèèké tójú lásán kò lè rí sí. Òróró àti aró ló wà nínú wọn, bí bírò bá sì tẹ̀ wọ́n, wọn á bẹ́. Lóṣù Kejìlá ọdún 2000, NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, gbé ìwé jáde lórí ẹ̀. Wọ́n ní ó ti mú awọ àwọn kan yún, ó sì ti ta àwọn kan lójú àti nímú, àmọ́ pé kí ara kọ̀ ọ́ pátápátá kò wọ́pọ̀. Ìmọ̀ràn wọn kò náni lówó: kí afẹ́fẹ́ máa wọ ibi iṣẹ́, kí wọ́n máa fọ ọwọ́, kí wọ́n yé fi ọwọ́ tó kan bébà ra ojú tàbí ẹnu. Ta ni kò tíì rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi páálí bébà dí fèrèsé, tí ọmọọṣẹ́ sì ń fi itọ́ ṣí ìwé níbẹ̀?

Ti rìsíìtì POS yàtọ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù fi òfin dín kẹ́míkà bisphenol A tó wà nínú irú bébà bẹ́ẹ̀ kù láti oṣù Kíní ọdún 2020, nítorí ewu tó lè ṣe fún ọmọ inú aboyún tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, kì í ṣe nítorí ọwọ́ yíyún.

"Ọdún mẹ́ta ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí?" Bí ara ṣe ń kọ nǹkan nìyẹn. Ara á máa gbà á, á máa gbà á, lọ́jọ́ kan á ní òun kò gbà á mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, díẹ̀ tó bá kàn án ti tó, ó sì lè má tán láyé ẹni náà. Ó tún lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ọwọ́ kan bébà kí ẹ̀yún tó dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń di ẹ̀bi ru edé tí wọ́n jẹ lálẹ́ àná.

Ìtọ́jú tí wọ́n ń fún ọwọ́ náà ló tún ń bà á jẹ́. Ìpara inú túùbù tí wọ́n po oògùn kòkòrò àti steroid líle pọ̀ á mú kó rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, awọ á máa fẹ́lẹ́. Neomycin tó wà nínú àwọn kan náà wà lára ohun tí awọ ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà. Atẹ̀wé tó ń fi kẹrosíìnì fọ yíǹkì kúrò lọ́wọ́ ń bó ìwọ̀nba òróró tó kù lára ẹ̀ dànù. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà pàápàá kò bá gbogbo ara mu. Ti òwú sàn jù fún ẹni tó ń ka bébà, kó sì máa fi òrí pa ọwọ́ lẹ́yìn tó bá fọ̀ ọ́.

Kí ọ̀gá kọ ọjọ́ tí ẹ̀yún bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àti irú bébà tí ọmọ náà dì lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Bó bá rọlẹ̀ nígbà ìsinmi Iléyá, tó tún dé nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, kó gbé ọmọ náà kúrò nídìí rìsíìtì, kó máa tẹ kọ̀ǹpútà. Àwọn kan á ní ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010, tí NSITF ń bójú tó, kò gbà bẹ́ẹ̀: ó ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ó sì ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ohun tí owó ìrànwọ́ wà fún. Lóòótọ́, ó ṣòro kí oníṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ìnísà tàbí Ìkìrun máa ronú kan NSITF, ṣùgbọ́n àìmọ̀ kò sọ òfin di òfo.

Bí ẹ̀yún náà bá kọ̀ tí kò lọ, dókítà awọ ló kàn. Wọ́n wà ní OAUTHC, Ilé-Ifẹ̀. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń lẹ ohun tí wọ́n fura sí mọ́ aláìsàn lẹ́yìn, wọ́n á yọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n á sì tún wò ó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ó ṣòro kí ó wúlò bí dókítà kò bá mọ ohun tí ọwọ́ náà ń kàn. Kí ọ̀gá má ju ọ̀rá tí wọ́n fi di bébà nù. Kó gé ibi tí orúkọ ilé iṣẹ́ wà, kó fi ewé rìsíìtì kan sí i, kó sì kó o sínú báàgì ọmọ náà kó tó wọ mọ́tò.