Èèwọ̀ Abẹ́rẹ́ Agbára

Láyé àtijọ́, ọkọ́ àti ebè ni ó ń fún ọ̀dọ́mọkùnrin Mọ́níyà àti abúlé gbogbo tí ó yí i ká ní àyà fífẹ̀ àti apá líle. Lónìí, irin ni àwọn ọmọ wa ń gbé. N kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Inú mi tilẹ̀ ń dùn sí àwọn tí ó da símẹ́ǹtì sínú agolo, tí wọ́n ki irin bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń gbé e láràárọ̀: ìran oníjàkadì ni wọ́n. Abẹ́rẹ́ àti hóró oògùn tí àwọn mìíràn ń fi kún un ni mo ń bá wí.

Àwọn kan a máa wí pé, ṣebí àwọn baba wa náà lo oògùn kí wọ́n tó bọ́ sí agbo ìjàkadì? Wọ́n lò ó. Ta ni yóò jiyàn? Ṣùgbọ́n onísègùn tí ó ṣe é kì í gbé e léni lọ́wọ́ láì sọ èèwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń ta ti òde òní kì í sọ èèwọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ ni èèwọ̀ wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ẹ gbọ́ èyí tí ó burú jù. Testosterone ni èròjà tí ẹpọ̀n ọkùnrin fúnra rẹ̀ ń pèsè, òun ni ó ń sọ ọmọdékùnrin di géńdé. Bí a bá ń fi abẹ́rẹ́ rọ ọ́ sára láti ìta, ọpọlọ a gbà pé ó ti tó, kò sì ní rán ẹpọ̀n níṣẹ́ mọ́. Ẹpọ̀n a súnkì, irúgbìn inú àtọ̀ a dín kù, nígbà mìíràn a tán pátápátá. Bí ènìyàn bá tilẹ̀ ṣíwọ́, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, àní ọdún, kí ó tó padà. Ọmọkùnrin ń ra ìrísí akọ, ipò baba ni ó sì fi ń san owó rẹ̀! Ìyàwó rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ pè ní àgàn.

Ti dexamethasone tí àwọn kan ń gbé mì kí wọ́n lè tóbi tilẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín. Ó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣan gan-an ni ó ń jẹ.

Ìtìjú gbangba náà wà. Ní oṣù Keje ọdún 2021, wọ́n dá Blessing Okagbare dúró ní Tokyo láàárín ìdíje mítà 100, nítorí èròjà ìdàgbàsókè tí wọ́n bá lára rẹ̀. Ní 2022, wọ́n fi òfin dè é fún ọdún 10, wọ́n sì tún fi 1 kún un.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí aṣọ bá bẹ̀rẹ̀ sí ya mọ́ ọmọ lára láàárín oṣù 2 péré, ẹ má ṣe kí i kú oríire kí ẹ tó bi í léèrè ohun tí ó ń lò.