Ìbọ̀wọ́ Ẹni Tí Yóò Kírun Lórí Òkè

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó dá ooru, tí Ó sì dá òtútù. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú Islam, ìgbà òtútù tún ti wọlé dé bá wa ní Calgary. Àwọn ọ̀dọ́ wa sì tún ti ń múra láti máa rìn lórí àwọn òkè Banff ní òpin ọ̀sẹ̀. A kò lòdì sí i: ìrìn náà ń mú ara le, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ ènìyàn ronú sí iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ìbọ̀wọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ̀ lọ. Èrò tiwa ni pé ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo, bí ó ti wù kí ó nípọn tó, kò tó fún ẹni tí yóò kírun lórí òkè.

Nígbà tí òtútù bá mú wa, ara a máa fa ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ kí ó lè fi dáàbò bo ọkàn àti àwọn ẹ̀yà inú. Ìdí nìyí tí ìka fi máa ń kọ́kọ́ kú. Ilé iṣẹ́ ìjọba Kánádà tí ń bójú tó ojú ọjọ́ kìlọ̀ pé, bí òtútù àti afẹ́fẹ́ bá pa pọ̀ tí ó dà bí díígírì 28 sí 39 nísàlẹ̀ òdo, awọ ara tí a kò bò lè dì láàrin ìṣẹ́jú 10 sí 30. Bí ọwọ́ bá tún tutù fún omi, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé omi ń gba ooru lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ.

Àwa onírun sì rèé, omi kò ní ṣàì kan ọwọ́ wa. Àwọn kan ti bi wá léèrè pé, ṣebí a lè fi ọwọ́ olómi nu orí ìbọ̀sẹ̀ aláwọ, kí ló dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìbọ̀wọ́? Ẹ̀rí wà fún ti ẹsẹ̀. Kò sí fún ti ọwọ́. Nínú ìrìn àjò Tabuk, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wọ jùbà kan tí apá rẹ̀ fún. Nígbà tí apá náà kò ṣeé ká sókè, kò nu orí rẹ̀. Ó fa ọwọ́ yọ láti abẹ́ jùbà, ó fọ ọ́, lẹ́yìn náà ni ó nu orí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Mughirah ọmọ Shu'bah, tí ó ń bu omi fún un, ni ó gba ìròyìn náà wá.

Nítorí náà, ìbọ̀wọ́ yóò bọ́ dandan, yóò sì tún padà wọ̀. Ẹ wọ ìpele méjì. Kí ti inú jẹ́ fẹ́lẹ́, kí ó jẹ́ ti irun àgùntàn. Ẹ má wọ ti òwú, nítorí òwú a máa mu omi, kì í sì í tètè gbẹ. Kí ti òde jẹ́ èyí tí afẹ́fẹ́ àti omi kò lè gbà kọjá, tí àtàǹpàkò nìkan yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, kí ìka mẹ́rin yòókù lè máa fún ara wọn ní ooru. Kí ó má fún ọwọ́ pinpin, kí ó má baà dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Ìbọ̀wọ́ oníhùùhù ẹyẹ dára nínú òtútù gbígbẹ, ṣùgbọ́n bí omi bá wọ inú rẹ̀, ìhùùhù náà yóò lẹ̀ mọ́ ara wọn, ooru yóò sì lọ. Kí ìbọ̀wọ́ inú mìíràn wà nínú àpò.

Ẹ ṣe àlùwàlá nílé kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì wọ ìbọ̀sẹ̀ yín lórí rẹ̀. Bí àlùwàlá bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ lo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ gbé sínú fúláàsì, kí ẹ sì fi aṣọ nu ọwọ́ dé àárín ìka kí ẹ tó wọ ìbọ̀wọ́ padà. Ẹni tí ó bá bẹ̀rù ìpalára tòótọ́ ní àyè tàyámámù. Amru ọmọ Al-Aas ní jánábà ní òru òtútù líle, nígbà tí ó jẹ́ olórí ogun. Ó bẹ̀rù pé ìwẹ̀ lè pa òun, ó ṣe tàyámámù, ó sì ṣíwájú ìrun. Nígbà tí ó ṣàlàyé fún Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ẹni tí ó mọ̀ pé òtútù ń bẹ níwájú, tí ó sì lágbára àtiratí ìbọ̀wọ́, kí ó rà á. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Bí ìka bá funfun, tí kò sì mọ nǹkan lára mọ́, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má yá a níná. Ẹ wá ibi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìmọ̀ràn wa sí àwọn aṣáájú ọ̀dọ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀ lọ sí òkè láì kọ́kọ́ fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ hàn. Kí àwọn tí Ọlọ́hun bùkún sì rántí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri nínú yìnyín. Òkè tiwọn ni ojú pópó. Sàráà ni ìbọ̀wọ́ tí ẹ bá rà fún wọn.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ọwọ́ tí a fi ń tẹríba fún Un. Àmín.