The Marvels: Ẹ yé di ẹ̀bi ru obìnrin

Látìgbà tí fíìmù The Marvels ti fìdí rẹmi lóṣù kọkànlá ọdún 2023 ni àwọn kan ti ń pariwo pé obìnrin tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló fà á. Irọ́ gbuu! Obìnrin kan náà, Brie Larson, ló ṣe akọni alágbára inú apá kìn-ín-ní, Captain Marvel, tó pa lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún 2019. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 206 péré ni ìkejì rí.

Kí òǹwòran tó lóye ìtàn náà dáadáa, ó ní láti kọ́kọ́ wo WandaVision àti Ms. Marvel, eré alátìgbàdégbà tí Disney ń gbowó oṣooṣù fún. Ta ló ráyè? Bob Iger, ọ̀gá àgbà Disney nígbà náà, gbà pé àpọ̀jù ti ṣàkóbá fún dídára fíìmù Marvel.