Ọ̀RỌ̀ ÌLERA: Iṣẹ́ Abẹ Fún Ẹni Tó Sanra Jù
Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí àtọ̀gbẹ ń dà láàmú, bi wá bóyá kí òun ṣe iṣẹ́ abẹ tí í mú ara fúyẹ́. Ìyá wa, oríṣi méjì ni. Èyí tí Dókítà Edward Mason bẹ̀rẹ̀ ní Iowa, Amẹ́ríkà, ní 1966 ń sọ àpò oúnjẹ inú ikùn di kékeré. Ó sábà máa ń dín àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru kù. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ó máa jẹun, ẹ ó sì máa lo fítámìn títí ayé. Èkejì, yíyọ ọ̀rá ikùn, ti ẹwà ni, kì í wo àtọ̀gbẹ; lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyáàfin Stella Obasanjo kú ní Spain ní 2005. Ẹ bi dókítà yín dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ìlera loògùn ọrọ̀.