Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Gbèsè Kì í Ṣe Olè Jíjà

Ọ̀rọ̀ owó ni a óò jọ sọ lónìí, nítorí òun ni ó ń da ọ̀pọ̀ ilé rú ní agbègbè Tchaourou wa yìí.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn Mísà, obìnrin kan wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò. Gàrí ni ó ń ṣe tà. Ó yá 60.000 fránkì lọ́wọ́ oníṣòwò kan láti fi ra gbágùúdá, ó sì ti san ìdajì rẹ̀ kí àìsàn ọmọ tó gba èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ àdéhùn kọjá. Olówó kò lọ bá baálé, kò sì pe àgbà kankan sí i. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ó gbà lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wá mú ọkọ obìnrin náà, ẹni tí kò tilẹ̀ sí nílé nígbà tí wọ́n ń ka owó náà. Àtìmọ́lé ni ó sùn títí di ọjọ́ Ajé. Kí ìyàwó tó rí i gbà jáde, ó ní láti ta ẹ̀rọ tí ó fi ń rin gbágùúdá. Olówó gba owó rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ ni obìnrin yìí ń gbé gbágùúdá rẹ̀ lọ, owó ẹ̀rọ sì ń jẹ gbogbo èrè rẹ̀. Ohun tí ó bi mí ni pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé olè ni wá ni?”

Mo dá a lóhùn pé rárá. Mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ ìdí rẹ̀.

Àwọn baba wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú gbèsè. Ẹni tí kò rí owó san lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé. Owó gan-an ṣì wà nílẹ̀ títí wọn yóò fi san án. Olówó mìíràn a sì rán ológò lọ sí ilé onígbèsè. Ológò á jókòó sí ojú ilé, á máa pariwo, á máa béèrè oúnjẹ, á máa mú adìẹ onílé pa jẹ, títí ara ilé yóò fi wá owó náà jáde. Ayé ìwọ̀fà ti kọjá, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí ó padà. Ṣùgbọ́n bí olówó òde òní bá sọ ọlọ́pàá di ológò, kí ni ó yí padà bí kò ṣe aṣọ tí ológò wọ̀?

Òfin ilẹ̀ wa kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ńlá orílẹ̀-èdè Benin, ti ọdún 1990, sọ ní abala 18 pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró ju wákàtí 48 lọ, àfi bí a bá mú un dé iwájú adájọ́ tí adájọ́ sì pinnu bẹ́ẹ̀. Ní 1992, orílẹ̀-èdè wa wọ inú àdéhùn àgbáyé tí ó sọ pé a kì í sọ ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n kìkì nítorí pé kò lè mú àdéhùn tí ó ṣe ṣẹ. Ilé-ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin ńlá, tí ó wà ní Cotonou, ti dá a lẹ́jọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé títi ènìyàn mọ́lé nítorí gbèsè lásán lòdì sí òfin. Adájọ́ ni ó ń pàṣẹ kí a gba dúkìá onígbèsè, huissier ni ó sì ń ṣe é. Òfin OHADA ti 1998, tí àwa àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà jọ ṣe, tilẹ̀ sọ, kí wọ́n tó tún un ṣe ní 2023, pé huissier kò gbọdọ̀ ṣe é ní ọjọ́ Ìsinmi, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àfi bí ilé-ẹjọ́ bá yọ̀ǹda. Ní Nàìjíríà náà, òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò gba ọlọ́pàá láyè láti mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí kò ṣẹ nìkan.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹni tí ó fi irọ́ gba owó, tàbí tí a fún ní ọjà kí ó bá wa tà tí ó sì kó owó rẹ̀ jẹ, ti kúrò ní onígbèsè lásán. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kan ọlọ́pàá.

Kí a má sì rò pé àwa nìkan ni ìyà yìí ń jẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, wọ́n ń ti onígbèsè mọ́lé títí òfin 1869 fi fi òpin sí púpọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, láàárín 1999 àti 2015, wọ́n dá àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ́bi olè àti ìṣirò èké, iye wọn sì ju 900 lọ. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Horizon ni ó ń sọ pé owó dín nígbà tí owó kò dín. Post Office tí ó ń béèrè owó náà ni òun kan náà pe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹjọ́ náà. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn mìíràn pàdánù ilé wọn nítorí owó tí wọn kò jẹ. Ọdún 2024 ni ilé aṣòfin wọn tó ṣe òfin tí ó pa ọ̀pọ̀ ìdálẹ́bi náà rẹ́. Bí ẹni tí ó ń béèrè owó bá tún di okùn mú lọ́wọ́, ta ni yóò yẹ ìṣirò wò?

Ọlọ́run ti rí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Nínú ìwé Deuteronómì, orí 24, Ó kọ̀ fún olówó láti gba ọlọ ẹnìkejì rẹ̀ dógò, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni ó gbà yẹn. Ó ní kí olówó má wọ ilé lọ mú ohun ìdógò; ìta ni kí ó dúró sí. Aṣọ tálákà tí ó bá sì gbà, kí ó dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ tí arábìnrin wa tà, ọlọ rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ìwọ tí o jẹ gbèsè, má sá lọ, má sì dákẹ́. Lọ bá olówó kí ọjọ́ tó pé, kí o san ìwọ̀n tí o rí. Ẹni yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́ igi dí ọ̀nà ẹgbèje. Tọkọtaya, ẹ má yá owó ní bòókẹ́lẹ́ fún ara yín. Ìwọ tí o yá ènìyàn lówó, kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí o sì fún un ní ìwé nígbàkigbà tí ó bá san díẹ̀. Bí ìjà bá dé, àgbà ilé àti baálé ni kí a kọ́kọ́ bá. Bí kò bá yanjú, ilé-ẹjọ́ wà ní Parakou. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Bí ọlọ́pàá bá pè ọ́ nítorí gbèsè, lọ, ṣùgbọ́n má dá lọ. Mú àgbà kan tàbí katikísì lọ́wọ́. Fi sùúrù béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí ọ lọ́rùn. Má fọwọ́ sí ìwé tí a kò kà fún ọ ní èdè rẹ. Kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì tì ọ́ mọ́lé láìtọ́, ìwọ fúnra rẹ lè kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ Cotonou tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Olówó inú ìtàn yìí ń wá sí Mísà. Òun àti obìnrin náà jọ ń tò sí ìlà kan náà láti gba Ara Kristi, wọ́n sì jọ ń gba Àdúrà Olúwa. Bí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó bá a ra ẹ̀rọ náà padà, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí bí yóò ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ jù.

Ó tún di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run bùkún ilé yín.