Mọ́tò Oníná Kì í Ṣe Awo

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ń ti ẹnu ọ̀mọ̀wé kan bọ́ sí ti èkejì, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé Ifá ni ó fọ̀ ọ́. Wọ́n ní mọ́tò tí ń fi iná mànàmáná rìn kò bá ilẹ̀ wa mu, nítorí pé lọ́jọ́ tí ó bá dákú sójú ọ̀nà, kò sí mẹkáníìkì ní Gáàtì n’Íbàdàn, kò sí ní Ládípọ̀ ní Mushin, tí yóò lè tú u wò. Wọ́n ní àfi kí á tún dì í sínú ọkọ̀ ojú omi, kí ó máa padà lọ sí ilẹ̀ tí ó ti wá. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo wá bá jà lónìí. Mo ní irọ́ ni ìdajì rẹ̀. Ìdajì kejì, ọ̀lẹ àwọn tí ó ní ìmọ̀ lọ́wọ́ tí wọn kò sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn ni ó fà á.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn wá pé ọ̀rọ̀ ọ̀la ni èyí. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, ẹni tí kò ka mọ́tò oníná sí tẹ́lẹ̀ ti ń béèrè iye rẹ̀. Ní ọdún 2019, Yunifásítì Nsukka gbé mọ́tò oníná tirẹ̀ jáde, wọ́n sọ ọ́ ní Lion Ozumba 551. Ní ọdún 2021, wọ́n ṣí ibùdó tí a ti ń fi iná oòrùn ṣáájì mọ́tò ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó kù ni ti ẹni tí yóò máa tún wọn ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ń bàjẹ́ lára wọn, nítorí pé ẹni tí kò mọ àrùn kò lè sọ pé kò ní oògùn. Mọ́tò oníná kò ní plọ́ọ̀gì, kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ń dà nù, kò ní sàléńsà, kò ní kábúrétọ̀. Bátìrì méjì ni ó ní. Ńlá wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, òun ni ó ń fún un ní agbára ìrìn. Kékeré jẹ́ fóltì 12, irú èyí tí ó wà nínú dáńfó gan-an. Kékeré yìí ni ó ń jí ọkọ̀ lójú oorun: òun ni ó ń tan àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, òun ni ó sì ń mú súìsì ńlá tí ó so bátìrì ńlá mọ́ ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Bí kékeré bá kú, ọkọ̀ kò ní mira, bí ńlá tilẹ̀ kún dẹ́nu. Ẹni tí kò mọ̀ yóò figbe ta pé bátìrì olówó gọbọi ti bàjẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ yóò ránṣẹ́ pe rìwáyà kí ó fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí ó bá fi nǹkan bíi fóltì 12.6 hàn nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi, ó kún. Bí kò bá tó 12, kí wọ́n ṣáájì rẹ̀ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí tuntun náà bá tún kú láìpẹ́, kí wọ́n wo ẹ̀rọ tí ń ti ara ńlá bu iná fún kékeré, tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí ọ́tánétọ̀ ń ṣe nínú mọ́tò elépo. Ní ọdún 2024, Hyundai pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ Ioniq 5 padà ní Amẹ́ríkà nítorí irú ẹ̀rọ yìí. Ǹjẹ́ ohun tí ó ṣòro fún rìwáyà wa wà nínú èyí?

Àìsàn kejì ni kí ọkọ̀ kọ̀ láti gba iná. Nílùú wa, ilé ni ó sábà máa ń ṣàìsàn yìí, kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ̀rọ tí ń ṣáájì rẹ̀ a máa kọ́kọ́ wádìí bóyá wáyà tí ń gbé iná tí ó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, wà ní ipò rẹ̀. Bí kò bá rí i, ó lè kọ̀ jálẹ̀. Mélòó nínú ilé wa ni wọ́n ri irin ẹ́ẹ̀tì sí dáradára? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a gbé kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ńkọ́? Ọkọ̀ rí ewu tí onílé kò rí, onílé sì ń sọ pé ọkọ̀ ya aláìgbọràn! Bákan náà ni ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mọ́tò lè fa iná fún wákàtí mẹ́jọ láìsinmi. Bí wáyà bá tín-ín-rín tàbí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá dẹ̀, yóò gbóná títí yóò fi yọ́. Oníṣẹ́ iná àdúgbò ni oníṣègùn èyí.

Ẹ̀kẹta ni pé kí bátìrì ńlá má lè gbé ọkọ̀ jìnnà mọ́. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Nissan Leaf tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní ìparí ọdún 2010 kò ní omi tí ń tu bátìrì rẹ̀ lára. Ní ọdún 2012, àwọn tí ń wà á ní Arizona ní Amẹ́ríkà, níbi tí ooru ti ń mú gan-an, ti ń ké pé agbára rẹ̀ ń dínkù kíákíá. Ẹni tí yóò ra Tòkunbọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó ka àwọn ọ̀pá kéékèèké 12 tí ń fi ìlera bátìrì hàn níwájú awakọ̀, kí ó tó ka owó. Kí ó má sì gbà bí oníṣòwò bá sọ fún un pé odidi bátìrì ni a gbọ́dọ̀ jù nù. Àpótí 48 ni ó wà nínú bátìrì Leaf àkọ́kọ́ yẹn. Ó lè jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì péré ni ó rẹ̀, tí a sì lè fi òmíràn rọ́pò wọn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ti kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀. Ní ọdún 2021, Tesla pe nǹkan bí 135,000 mọ́tò padà ní Amẹ́ríkà, nítorí pé ohun ìrántí kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà náà ti gbó, tí ojú ìwòran iwájú awakọ̀ sì lè ṣókùnkùn. Ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀, ohun tí kò tó èékánná ni ó dá a dúró! Àwọn ọ̀dọ́ tí ń tún fóònù ṣe lójú títì wa ń yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń lẹ òmíràn padà lójoojúmọ́.

Mo mọ èsì tí ẹ ó fọ̀, ó sì lágbára. Ẹ ó ní iná bátìrì ńlá ń pa ènìyàn. Òtítọ́ ni. Iná ilé wa kò ju nǹkan bíi fóltì 240 lọ. Ti ọ̀pọ̀ mọ́tò oníná tó 400, ti Ioniq 5 sì súnmọ́ 800. Bátìrì tí omi iyọ̀ bá wọ̀ lè gbiná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Florida lẹ́yìn ìjì Ian ní ọdún 2022. Kí àwọn ará etí òkun l’Ékòó fi èyí sọ́kàn. Ṣùgbọ́n ewu kì í ṣe ìdí tí a fi ń pa ìmọ̀ mọ́. Ìdí tí a fi ń kọ́ni ni. Àwọn ìlànà náà kò ju ohun tí a lè kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù lọ. Wáyà aláwọ̀ ọsàn, má fọwọ́ kàn án. Pa ọkọ̀, yọ ohun ìdènà iná, kí o sì dúró iye ìṣẹ́jú tí ìwé ọkọ̀ náà bá sọ, kí iná tí ó kù nínú ẹ̀rọ tó tán. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí a ṣe fún fóltì 1,000 kí o tó yọ ohun ìdènà náà. Fi mítà wọ̀n ọ́n kí o rí òdo, kí o tó tú nǹkankan. Ta ni ó ti kọ èyí ní Yorùbá fún ọmọ iṣẹ́ tí kò kọjá ìwé mẹ́fà? Bí a kò bá sọ fún un, yóò ṣì tú ọkọ̀ náà, nítorí pé ebi ń pa á. Yóò sì kú sí i. Ẹni tí ó bá mọ̀ tí ó dákẹ́ ni kí á bi ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé ọwọ́ mẹkáníìkì ìgboro nìkan ni àṣìṣe ti ń wá. Ní ọdún 2021, General Motors pe gbogbo Chevrolet Bolt tí ó ti tà padà, ó lé ní 140,000, nítorí àbùkù bátìrì tí ó lè dá iná sílẹ̀. Láti ilé-iṣẹ́ ni àbùkù náà ti wá, láti ọwọ́ àwọn tí ó kàwé jù wá lọ.

Nígbà tí mọ́tò aláìní-kábúrétọ̀ kọ́kọ́ dé, ohun kan náà ni wọ́n sọ: mẹkáníìkì wa kò ní lè ṣe é. Lónìí, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, ẹ ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó di skánà mú, tí ń bá “bréènì bọ́ọ̀sì” sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n kò wọ́n wọn. Ohun tí ó wọ́n wọn ni kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ àtúnṣe mọ́tò oníná ni àwọn tí ó ṣe é ti fi kọ̀ǹpútà tì pa, kí ẹnikẹ́ni má baà lè parí rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Massachusetts ní Amẹ́ríkà kò gbà. Ní ọdún 2012 wọ́n dìbò pé kí onímọ́tò àti mẹkáníìkì tí ó bá wù ú ní ẹ̀tọ́ sí ohun àtúnṣe. Ní ọdún 2020 wọ́n tún dìbò lórí ọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ ń fi ránṣẹ́ lórí afẹ́fẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò sì gbé e lọ sí kóòtù. Bí ará Amẹ́ríkà bá lè jà báyìí, kí ni ó ń dì wá lọ́wọ́? Mo ní kí ìjọba wa má gba mọ́tò oníná kankan wọlé lọ́wọ́ oníṣòwò tí kò bá ní ta ìwé àtúnṣe àti skánà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rà á.

Èyí tí ó kàn wá jù lọ nínú ẹgbẹ́ yìí ni ti èdè. Àwọn kan ní Yorùbá kò lè gbé irú ìmọ̀ yìí. Ta ni ó wá fún wa ní rìwáyà, ní skánà, ní bréènì bọ́ọ̀sì? Inú ọ́ìlì àti eruku ni wọ́n ti ṣe ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, wọn kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Inú èdè yìí ni ọ̀gá ti ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a lè fi kọ́ ọ ní mọ́tò oníná ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, àti ẹ̀yin ti ẹ̀ka Yorùbá, ẹ jókòó pọ̀. Ẹ kọ ìwé kékeré kan, tí kò ju ojú ewé 40 lọ, lórí àìsàn mẹ́rin tí mo kà sílẹ̀ yìí àti ìlànà ààbò wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù nígbà ìsinmi, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ bá ní í sọ, kí ẹ fi tún un kọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mọ́tò náà ti ń bọ̀ lọ́nà; ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bá mẹkáníìkì wa nínú òkùnkùn.