Ihò Àpáta Kì í Ṣe Ilé Tí Kò Ní Onílé

Láti ọwọ́ Ọmọ Iware

Ẹni tí ó bá gbéra ní Iware ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tí ó la ìlú Ọ̀yọ́ kọjá, tí ó sì dorí kọ ọ̀nà Ìsẹ́yìn, kò ní rìn jìnnà púpọ̀ kí ojú rẹ̀ tó máa bá àwọn òkè pàdé, àwọn òkè dúdú gìrìwò tí wọ́n dá dúró láàrin pápá, títí tí yóò fi dé ẹsẹ̀ òkè Adó-Awáyé, níbi tí adágún omi tẹ́ sí lórí àpáta ní òkè téńté. Ìrìn-àjò irú èyí dára púpọ̀ fún ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, Afijio, ìbáà ṣe ará Fìdítì tàbí ará Ìlorà, nítorí pé ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí arìnrìn-àjò gbọ́ kí ó tó tẹrí bọ abẹ́ àpáta, tí ó sì yẹ kí àwọn tí ìjọba fi ṣe olórí ètò ìrìn-àjò afẹ́ gbọ́ jù ú lọ: ihò àpáta kì í ṣe ilé tí kò ní onílé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tọ́ kí a ṣí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èrò, àyàfi bí àwọn onímọ̀ bá ti yẹ ilẹ̀ inú rẹ̀ wò, tí àwọn ọmọ ìlú tí ó ni ín sì ti gba ìtọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́.

Àwọn ihò tiwa yàtọ̀ sí àwọn tí a máa ń gbọ́ òkìkí wọn láti òkèèrè. Ní Kentucky ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ihò tí wọ́n ń pè ní Mammoth Cave gùn ju 600 kìlómítà lọ nínú èyí tí wọ́n ti wọ̀n. Omi òjò ni ó gbẹ́ ẹ, nítorí pé òkúta ibẹ̀ jẹ́ ìran òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ǹtì, òkúta tí ó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí omi tí ó kan díẹ̀ bá ń gba inú rẹ̀ kọjá láti ìran dé ìran. Akọ òkúta tiwa kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru ni wọ́n ń bá a jà, tí èèpo rẹ̀ fi ń ṣí ní ìpele-ìpele, tí omi ń wọ ibi tí ó ti sán, títí òkúta ńlá yóò fi yẹ̀, tí yóò gun orí òmíràn, tí àlàfo yóò sì kù sábẹ́ wọn. Nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú ihò wa kò jìn. Òrùlé àpáta lásán ni wọ́n, tí ènìyàn lè jókòó sí abẹ́ rẹ̀ kí òjò má pa á. Arìnrìn-àjò tí ó bá ń wá ibi tí yóò rìn nínú òkùnkùn fún odidi ọjọ́ kan lè máa rò pé òun kò rí nǹkan kan. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ibi tí ènìyàn ti lè sá fún òjò lónìí ni àwọn ẹni àtijọ́ ti sá fún òjò pẹ̀lú, tí wọ́n dáná, tí wọ́n jẹun, tí wọ́n sin òkú wọn. Ọrọ̀ ihò ilẹ̀ Yorùbá kò sí lára ògiri rẹ̀, inú ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ àlejò ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an ni ó wà.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà ní Ihò Ẹlẹ́ẹ̀rú, ní agbègbè Ìsarun, ní ìhà Àkúrẹ́. Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, kì í ṣe bí àgbẹ̀ ti ń kọ ebè, bí kò ṣe ní ìpele tín-ín-rín tẹ̀lé ìpele, tí wọ́n ń jọ erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n sì ń kọ ibi tí wọ́n ti rí ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Òkúta tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣiṣẹ́ sí lára, tí wọ́n kó jáde nínú ihò kan ṣoṣo yẹn, lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n bá egungun ènìyàn kan tí àwọn ẹni rẹ̀ sin síbẹ̀, èédú tí ó wà nítòsí rẹ̀ sì fi hàn pé ó ti tó 11,000 ọdún tí ó ti sùn, kí ẹnikẹ́ni tó jọba ní Ifẹ̀, kí irin tó dé, kí iṣu tó di ohun ọ̀gbìn. Nígbà tí onímọ̀ Katerina Harvati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún agbárí òkú náà yẹ̀ wò, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011, ohun tí wọ́n rí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: ìrísí orí náà jọ ti àwọn ènìyàn tí wọ́n ti gbé ayé ní ìgbà tí ó pẹ́ gan-an ju ìgbà tirẹ̀ lọ. Láti inú ihò kékeré kan ní ilẹ̀ Àkúrẹ́ ni àwọn onímọ̀ àgbáyé ti mọ̀ pé ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà lọ́jú pọ̀ ju bí wọ́n ti ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní àwọn èrò ti ń rọ́ lọ síbẹ̀ kí ọdún 1965 tó dé. Èédú ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ọjọ́ orí irú ibi bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun kan wà nínú igi tí ó máa ń dín kù ní ìwọ̀n tí a mọ̀ láti ọjọ́ tí igi náà bá ti kú. Ọ̀dọ́ tí ó lọ gbafẹ́ lábẹ́ àpáta, tí ó kó igi jọ, tí ó yan iṣu tàbí ẹran, tí ó sì fi ẹsẹ̀ tú eérú ká kí ó tó máa lọ, kò ní èrò ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó ti da èédú àná pọ̀ mọ́ èédú 10,000 ọdún, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí yóò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ẹni tí ó ṣa abẹ òkúta kan sápò láti lọ fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ti ba ẹ̀rí jẹ́, nítorí pé ìpele tí òkúta wà àti ohun tí ó sùn tì í ni ó ń sọ ìtàn rẹ̀; bí ó bá ti kúrò níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti pa dé. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1979 lórí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ka gbígbẹ́ ilẹ̀ irú ibi bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ léèwọ̀, ṣùgbọ́n òfin tí a kò kọ sára pátákó ní èdè tí ará ìlú ń sọ, àwọn agbẹjọ́rò nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí ọmọ Iware. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú Aláàfin, ikú bàbá yèyé, tí ogun Ìlọrin sọ di ahoro ní ẹ̀wádún 1830, ihò kan wà tí wọ́n ń pè ní Mejiro. Nígbà tí Frank Willett, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, ń ṣiṣẹ́ ní ahoro náà ní 1956 sí 1957, ó gbẹ́ ilẹ̀ ihò yìí, ó sì bá àwọn abẹ òkúta kéékèèké, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹni tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí orúkọ Ọ̀yọ́ tó dáyé. Ibẹ̀ wà nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ọ́fíìsì àgbà ọgbà náà sì wà nínú ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí ará Iware ti ń lọ nájà. Síbẹ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó lè ka orúkọ àwọn odò ilẹ̀ Yúróòpù lórí lè má gbọ́ orúkọ Mejiro rí. Èyí kò dára, kò sì yẹ kí ó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ.

Ihò jẹ́ ilé ààbò pẹ̀lú, ìyẹn kò sì pẹ́ tó ìgbà Ẹlẹ́ẹ̀rú. Abẹ́ àpáta Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, sá sí ní nǹkan bí ọdún 1830 nígbà tí olórí wọn, Ṣódẹkẹ́, kó wọn dé Abẹ́òkúta, ojú ihò tí àwọn obìnrin fi lọ ata lára àpáta sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní àríwá ilẹ̀ Tógò, ní Nok, àwọn Moba fi amọ̀ mọ àká sínú ihò òkè gíga kí ọwọ́ àwọn Tchokossi tí ń gẹṣin jagun má baà tẹ̀ wọ́n. Ibi tí ènìyàn ti fi orí pamọ́ fún ikú, a kì í kọ orúkọ olólùfẹ́ ẹni sára ògiri rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà.

Àwọn kan yóò wí pé owó ni ìlú ń wá, pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àti pé bí èrò bá ti pọ̀ ni ọjà yóò máa tà. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ìlú tí kò rí èrè kankan nínú òkè rẹ̀ yóò ta òkúta rẹ̀ fún àwọn tí ń fọ́ ọ ṣe ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wo Lascaux ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1940 ni àwọn ọmọdékùnrin mẹ́rin rí ihò náà, tí àwòrán ẹran ìgbẹ́ kún ara ògiri rẹ̀. Ní 1948 ni wọ́n ṣí i sílẹ̀, èrò tí ń wọ ibẹ̀ sì ju 1,000 lọ lójúmọ́ kan. Èémí ẹnu wọn àti ooru ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí ohun aláwọ̀ ewé kan hù sára àwọn àwòrán náà, nígbà tí ó sì di 1963, ìjọba ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Wọ́n ní láti kọ́ àwòkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún àwọn àlejò ní 1983. Ilẹ̀ Faransé ní owó tí ó lè fi kọ́ àwòkọ. Tiwa, bí ó bá bàjẹ́, ó bàjẹ́ náà nìyẹn.

Ewu tún wà fún àlejò fúnra rẹ̀. Obìnrin ará ilẹ̀ Netherlands kan wọ ihò àdán kan ní Uganda ní ọdún 2008, ó gbé àrùn Marburg padà sílé, ó sì kú. Ìgbẹ́ àdán tí ó ti gbẹ pàápàá máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ó bá fa erukuru rẹ̀ símú jẹ́. Ní ilẹ̀ Thailand, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 2018, òjò sé ọmọkùnrin 12 àti olùkọ́ni wọn mọ́ inú ihò Tham Luang. Ọjọ́ 10 oṣù keje ni wọ́n tó yọ èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn, lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń wẹ̀ lábẹ́ omi láti gbà wọ́n ti bá iṣẹ́ náà lọ. Àwọn ọdẹ wa mọ ihò tí àdán ń gbé, wọ́n mọ ibi tí ejò ń ká sí, wọ́n sì mọ òkúta tí kì í jókòó dáadáa lásìkò òjò. Èèwọ̀ tí àwọn àgbà fi sí ẹnu irú ihò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rù lásán: ní ihò Ogbunike, ní ilẹ̀ Igbo, àlejò gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà kí ó tó wọlé, ẹni tí ó sì ti bọ́ bàtà kò ní sáré, kò ní gun ibi tí kò yẹ, yóò máa wo ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò kọjá agbára. Kí àwọn tí ń bójú tó ọgbà Ọ̀yọ́ Ilé àti ẹ̀ka ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn jọ ka àwọn ihò tí ó wà ní àwọn òkè wa sínú ìwé, kí wọ́n sì sọ èyí tí èrò lè wọ̀ àti èyí tí kò gbọdọ̀ wọ̀. Kí wọ́n yan àwọn ọdẹ àti ọ̀dọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe afinimọ̀nà, kí wọ́n kọ́ wọn, kí wọ́n san owó oṣù fún wọn, kí ìpín tí ó nípọn nínú owó ẹnubodè sì máa dúró ní ìlú tí ó ni òkè. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Afijio ní Jóbẹ́lẹ̀ wá ọkọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti lọ wo Mejiro nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pẹ̀lú ẹni tí yóò ṣàlàyé fún wọn ní Yorùbá. Ní ti arìnrìn-àjò, kí ó kí baálẹ̀ kí ó tó gun òkè, kí ó mú tọ́ọ̀ṣì tí ó ju ẹyọ kan lọ lọ́wọ́, kí ó sọ wákàtí tí yóò padà fún ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, kí ó má dáná. Bí ó bá sì rí òkúta tí ó mú bí abẹ nínú erùpẹ̀, kí ó ya àwòrán rẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì ránṣẹ́ sí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà.